Bí Tọkọtaya Bá Gun Kẹ̀kẹ́ Dé Ìlàjẹ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Bí a bá rìn jìnnà, a ó rí abuké erin. Ọ̀rọ̀ ìrìn jíjìn ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ nínú ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ wa ti ọdún yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ bá mi kà á dé òpin kí ẹ tó dá mi lẹ́bi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní ilé gbígbé wa, àwa bíi mẹ́fà jókòó, a ń tàkúrọ̀sọ. Ọ̀kan nínú wa ka ìròyìn òyìnbó kan àti ìyàwó rẹ̀ tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ oṣù gun kẹ̀kẹ́ ológeere lẹ́bàá òkun. Bí wọ́n bá sùn ní ìlú kan lónìí, ìlú mìíràn ni ilẹ̀ yóò ṣú wọn sí lọ́la. Ẹnu ya gbogbo wa. Ni ẹnì kan bá bèèrè pé, "Bí wọ́n bá gba etíkun tiwa ńkọ́? Bí wọ́n bá kúrò ní Èkó tí wọ́n dé Ìlàjẹ, báwo ni wọn yóò ti ṣe é?" Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé, "Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ kẹ̀kẹ́ náà ní ìlúwẹ̀ẹ́ ná." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa.

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dùbúlẹ̀, ẹ̀rín náà kò dùn mọ́ mi nínú mọ́. Ó hàn sí mi pé àwa tí a ń pe ara wa ní akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ Yorùbá ń ṣe bí ẹni pé ibi tí títì ọlọ́dà bá parí sí ni ilẹ̀ Yorùbá parí sí. A mọ Ifẹ̀, a mọ Ọ̀yọ́, a mọ Èkìtì. Bí ọ̀rọ̀ bá kan àwọn tí ilé wọn wà lórí omi, ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń ṣe.

Lójú tèmi, ìbéèrè ọ̀rẹ́ wa kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín rárá. Ní ọdún 2024 ni Ìjọba Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ńlá kan lẹ́bàá òkun láti Èkó títí dé Kàlàbá, ọ̀nà tí a ní gígùn rẹ̀ yóò tó nǹkan bí 700 kìlómítà. Ìpínlẹ̀ Òǹdó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí yóò là kọjá, Ìlàjẹ ni ó sì ni etíkun Òǹdó. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí a fi tọkọtaya orí kẹ̀kẹ́ ṣe òṣùwọ̀n ọ̀nà náà. Bí ọkọ àti aya bá lè fi ẹ̀sọ̀ gun kẹ̀kẹ́ la Ìlàjẹ kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé ìkejì, tí wọ́n rí ìlú tí wọn yóò sùn sí, tí wọ́n rí ẹja rà lọ́wọ́ ẹni tí ó pa á, nígbà náà ni ọ̀nà jẹ́ ti ará Ìlàjẹ. Bí kò bá ṣeé ṣe, a jẹ́ pé orí Ìlàjẹ ni ọ̀nà kàn gbà lọ sí ibòmíràn.

Àwọn tí ó ti gun kẹ̀kẹ́ rìn jìnnà

Kì í ṣe òní ni tọkọtaya ti ń fi kẹ̀kẹ́ rin ìrìn àjò. Ará Amẹ́ríkà ni Fanny Bullock Workman àti ọkọ rẹ̀, William Hunter Workman, tí ó jẹ́ oníṣègùn. Àwọn méjèèjì gun kẹ̀kẹ́ ní Àlùjíríà ní àríwá Áfíríkà, wọ́n gùn ún la ilẹ̀ Sípéènì já ní 1895, láti 1897 ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ti Íńdíà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lórí Íńdíà ní 1904, wọ́n ní àwọn rin 14,000 máìlì lórí kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan: àwọn arìnrìn-àjò ni ó kọ ìwé. Bí nǹkan ti rí lójú wọn ni wọ́n kọ ọ́. Àwọn tí ó gbé ẹrù wọn, tí ó fọ́nnà hàn wọ́n, tí ó bu omi fún wọn, ìwé tiwọn kò sí lọ́wọ́ wa.

Àwa náà kò ṣàìní ti wa. Ní 1952, nígbà tí Moshood Ọlábísí Àjàlá ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago títí dé Los Angeles, ìrìn tí ó ju 2,000 máìlì lọ. Aṣọ ilẹ̀ wa ni ó wọ̀ rìn, nítorí ó fẹ́ kí àwọn ará ibẹ̀ mọ irú ènìyàn tí ará Áfíríkà jẹ́. Nígbà tí ó ṣe, ó fi alùpùpù kéékèèké yí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ká, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 1963. Ebenezer Obey fi í kọrin, orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ tí a ń pe ẹnikẹ́ni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbélé.

Kí ni ó wà nínú kẹ̀kẹ́ tí kò sí nínú mọ́tò? Ẹni tí ó wà nínú mọ́tò ń wo ìlú láti ojú fèrèsé ni. Kí ó tó kí ará ìlú tán, ó ti kọjá. Ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ ń gbọ́ ohùn ènìyàn, ó ń gbọ́ òórùn ẹja lórí iná, òjò ń pa á, oòrùn ń pa á, bí táyà rẹ̀ bá jò, ará ìlú ni yóò ràn án lọ́wọ́. Kò lè gba ìlú ènìyàn kọjá kí ó má kí wọn. Nítorí náà ni mo ṣe ní òun ni òṣùwọ̀n tí ó dára jù.

Ibi tí kẹ̀kẹ́ ń dúró sí

Ẹ jẹ́ kí a wá bá tọkọtaya wa lọ. Ká ní láti Ọ̀rẹ̀ ni wọ́n ti gbéra. Wọn yóò sọ̀kalẹ̀ gba Òkìtìpupa, wọn yóò sì dé Igbókòdá, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Títí dé ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ kò ní wàhálà. Ọjà Igbókòdá yóò dá wọn lọ́lá: ẹja yíyan, edé, ẹní, púpúrú tí a fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ní etí omi níbẹ̀, ọ̀rọ̀ di ti ọlọ́kọ̀. Ẹni tí ó bá ń lọ sí Ayétòrò tàbí sí Awóyè yóò wọ ọkọ̀ ojú omi. Tọkọtaya wa yóò gbé kẹ̀kẹ́ wọn sínú ọkọ̀, wọn yóò dì í mú kí ó má bàa ṣubú sómi. Kẹ̀kẹ́ tí ó gbé wọn wá ni wọn yóò máa gbé lọ.

Ká ní láti ìhà Lẹ́kí ni wọ́n ti wá ńkọ́? Iyanrìn ni etíkun ìhà ibẹ̀. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, iyanrìn tí ó tutù a máa le díẹ̀, ẹni tí ó lágbára lè gun kẹ̀kẹ́ lórí rẹ̀ dé Àràròmí. Àràròmí yìí kì í ṣe ìlú tí a lè fojú rénà, nítorí agbègbè rẹ̀ wà lára ibi tí wọ́n ti kọ́kọ́ wá epo rọ̀bì ní ilẹ̀ wa ní 1908, ṣáájú kí epo Olóìbírì tó jáde ní 1956. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọjá Àràròmí sí ìhà ìlà-oòrùn, iyanrìn ń tán lọ, ẹrẹ̀ ni ó gba ipò rẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pe ibẹ̀ ní etíkun ẹrẹ̀ Màhìn. Ẹrẹ̀ náà rọ̀ bí ẹ̀kọ. Kò sí kẹ̀kẹ́ tí yóò gbà á, mọ́tò pàápàá kò tó bẹ́ẹ̀.

Gbogbo etíkun Ìpínlẹ̀ Òǹdó kò sì ju nǹkan bí 80 kìlómítà lọ. Lórí ọ̀nà tí ó dán, ìrìn ọjọ́ kan ni fún ẹni tí ó mọ kẹ̀kẹ́ gùn. Bí ó ti kéré tó yìí, a kò lè fi ẹsẹ̀ rìn ín já, a kò lè fi kẹ̀kẹ́ gùn ún já.

Tọkọtaya inú ọkọ̀

Ṣé ará Ìlàjẹ wá jókòó sójú kan ni? Ó tì o. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Kí kẹ̀kẹ́ tó dé ilẹ̀ yìí ni tọkọtaya Ìlàjẹ ti ń rin ìrìn jíjìn lẹ́bàá òkun. Ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́ wọn, àjẹ̀ àti ìgbòkun ni ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ́ńjìnnì tó dé. Bí ẹja bá ti ń ṣí ni apẹja ń tẹ̀ lé e. Ẹ wo Èkó, ẹ ó rí àdúgbò tí a ń pè ní Ìlàjẹ ní Bàrígà. Ẹ kọjá lọ sí Kútọnu, ẹ ó bá wọn níbẹ̀. Ẹ yí padà sí ìhà ìlà-oòrùn, ẹ ó bá wọn ní Bàkásì, ní Kamẹrúùn, títí dé Gàbọ́ọ̀nù.

Ọkùnrin nìkan kọ́ ni ó rin ìrìn wọ̀nyí. Ọkọ ń dẹ àwọ̀n, aya ń gba ẹja ní èbúté, ó ń yan án, ó ń tà á, ó ń tọ́jú owó. Nígbà mìíràn, láti ọwọ́ obìnrin ni owó àwọ̀n tuntun àti owó ẹ́ńjìnnì ti ń jáde. Bí ìyàwó bá takú pé òun kò lọ, ìrìn àjò ọkọ kò lè pẹ́, nítorí ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó bàjẹ́. Obìnrin Ìlàjẹ tí mo ń wí yìí, láti kékeré ni ó ti mọ ọkọ̀ wà. Òun náà ni ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wa ní alẹ́ ọjọ́ náà ń sọ nípa rẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ gígùn kò yẹ abilékọ! Ẹni tí ó ń wa ọkọ̀ la ìgbì já, ṣé kẹ̀kẹ́ ni yóò wá bà á lẹ́rù?

Ìrìn tọkọtaya Workman wà nínú ìwé, ti Àjàlá wà nínú ìwé àti nínú orin. Ti tọkọtaya Ìlàjẹ dà? Bí wọ́n ti ń mọ àkókò ìjì, ibi tí wọ́n ti ń mu omi, orin tí wọ́n ń kọ bí ọkọ̀ bá ń lọ, orúkọ tí wọ́n sọ àwọn ọmọ tí a bí ní ìdálẹ̀, ta ni ó kọ ọ́ sílẹ̀ fún wa? Ẹ̀bi wa ni, kì í ṣe ẹ̀bi wọn.

Òkun ń jẹ ilẹ̀

Àwọn baba wa ní omi kò lọ́tàá. Ní Ìlàjẹ lónìí, omi ti ń fẹ́ di ọ̀tá. Ní 1947 ni Ẹgbẹ́ Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ Ayétòrò dó. Wọ́n kọ́ ilé wọn sórí òpó, wọ́n fi pákó ṣe òpópónà lókè ẹrẹ̀, wọ́n sọ ohun ìní wọn di àjọni. Wọ́n kan ọkọ̀, wọ́n hun aṣọ, wọ́n ṣe bàtà, wọ́n sì ní iná mànàmáná nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá ní òkè kò ì tí ì ní in. Àwọn àlejò ń wá láti ilẹ̀ òkèèrè wá wò ó. Òpópónà pákó yẹn ni ó ń wá sí mi lọ́kàn bí mo bá ń ronú kẹ̀kẹ́ ní Ìlàjẹ, nítorí ó fi hàn pé àwọn ará ibẹ̀ kò dúró de ẹnikẹ́ni kí ó tó bá wọn la ọ̀nà lórí omi.

Ṣùgbọ́n òkun ti gbé púpọ̀ nínú ìlú yìí lọ: ilé gbígbé, ilé ẹ̀kọ́, àní ibojì òkú. Ní 2004, àjọ NDDC gbé iṣẹ́ ìdènà òkun ní Ayétòrò síta. Láti ìgbà náà ni àwọn ará ìlú ti ń pariwo pé àwọn kò rí ìdènà kankan. Ní ìhà Awóyè, ipa omi tí ilé iṣẹ́ epo wa láti inú igbó já sí òkun jẹ́ kí omi iyọ̀ ya wọ inú igbó omi dídùn. Igi kú, ẹja omi dídùn kú, ilẹ̀ sì ń wó sínú òkun. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Níwọ̀n ìgbà tí òkun bá ṣì ń jẹ ilẹ̀, ìran kan kò ní í kọ́lé kí ìran kejì bá a.

Ògiri tí kẹ̀kẹ́ ń gùn

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí a yẹ ilẹ̀ Họ́láńdì wò. Apá púpọ̀ nínú ilẹ̀ náà ni kò ga tó òkun. Ní òru ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1953, òkun ya bò wọ́n, ènìyàn 1,836 ni ó sì kú. Wọn kò ní kí àwọn tí ó kù lọ wá ibòmíràn gbé. Wọ́n kọ́ ìdènà lẹ́yìn ìdènà, iṣẹ́ náà gbà wọ́n ní ohun tí ó ju ogójì ọdún lọ. Ṣáájú ìgbà náà pàápàá, ní 1932, wọ́n ti kọ́ ògiri ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Afsluitdijk la omi kọjá, gígùn rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 32 kìlómítà. Kí ni wọ́n fi sí orí ògiri náà? Ọ̀nà mọ́tò ni, àti ọ̀nà kẹ̀kẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun kan náà tí ó ń dá òkun dúró ni ó ń gbé ọkọ àti aya lórí kẹ̀kẹ́.

N kò wí pé kí a gbé ògiri Họ́láńdì wá sí Ayétòrò ní odidi. Ẹrẹ̀ Màhìn ní ìwà tirẹ̀, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ni ó mọ irú ìpìlẹ̀ tí yóò gbé ohun tí ó wúwo níbẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ni pé ìdènà òkun àti ọ̀nà kò gbọdọ̀ jẹ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tí àjọ méjì ń ṣe láìbá ara wọn sọ̀rọ̀. Ọ̀nà tí a bá là láìdá òkun dúró, òkun ni yóò gùn ún. Bákan náà, ọ̀nà tí ó bá sé ẹnu odò pa yóò pa ẹja, yóò sì há ọkọ̀ mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Awóyè tó láti kọ́ wa pé a kì í ti omi síhìn-ín sọ́hùn-ún láìbèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń gbé inú rẹ̀. Nítorí náà, ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti kọjá odò, kí afárá ga tó kí ọkọ̀ apẹja lè gba abẹ́ rẹ̀. Kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ àti ti kẹ̀kẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti mọ́tò. Kí èbúté wà níbi tí ọ̀nà àti omi bá ti pàdé, kí obìnrin tí ó bá fi ọkọ̀ gbé ẹja dé lè gbé e sórí káríà kẹ̀kẹ́ dé ọjà.

Ìdáhùn sí àwọn alátakò

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kẹ̀kẹ́ jẹ́ ohun òtòṣì, ayé ti kọjá ibẹ̀. Ẹ bi àwọn bàbá wa léèrè. Nígbà ayé wọn, tísà àti akọ̀wé ni ó ń gun kẹ̀kẹ́. Ẹni tí ó bá ní kẹ̀kẹ́ kì í ṣe ènìyàn lásán. Ní Wagadúgù ní Bùkínà Fásò, obìnrin a máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ọjà, a sì máa gùn ún lọ sí ibi iṣẹ́, kò sì dín ọlá rẹ̀ kù. Ẹni tí kò lè ra mọ́tò pọ̀ ní ilẹ̀ wa ju ẹni tí ó lè rà á lọ. Ọ̀nà tí a bá là fún onímọ́tò nìkan, owó gbogbo wa ni a fi la ọ̀nà fún ìwọ̀nba díẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní àwọn olè ojú omi ń bẹ ní agbègbè náà, ta ni yóò gbé ìyàwó rẹ̀ lọ síbẹ̀? Òótọ́ ni, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan náà ni ó ń ba ìyá tí ó ń gbé ẹja lọ sí Igbókòdá lójoojúmọ́. Bí a bá pèsè ààbò tí ó tó fún àlejò orí kẹ̀kẹ́, a ti pèsè rẹ̀ fún òun náà. Ìdí mìíràn rèé tí kẹ̀kẹ́ fi jẹ́ òṣùwọ̀n rere.

Iṣẹ́ tiwa

Kí ni tiwa níbẹ̀, àwa tí iṣẹ́ wa kò ju ìwé àti èdè lọ? Tiwa pọ̀. Ẹ̀ka èdè Yorùbá ni èdè Ìlàjẹ. Orúkọ ẹja, orúkọ afẹ́fẹ́, orúkọ odò, orúkọ oríṣi àwọ̀n tí ó wà nínú rẹ̀ kò sí nínú ọ̀pọ̀ ìwé atúmọ̀ èdè tí a ń lò. Bí òkun bá gbé ìlú lọ, tí àwọn ará ìlú sì fọ́n ká, ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn yóò bá wọn fọ́n ká. A lè tún ilé kọ́. Ta ni yóò tún ọ̀rọ̀ tí a kò kọ sílẹ̀ kọ́?

Mo ń dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa lo ìsinmi gígùn tí ń bọ̀ fún ìrìn àjò kan. Kí àwọn tí ara wọn le gun kẹ̀kẹ́ láti Òkìtìpupa dé Igbókòdá. Níbi tí títì bá parí sí, kí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ wọ ọkọ̀, kí wọ́n sì lọ bá àwọn tọkọtaya àgbà tí ó ti rin etíkun dé Kamẹrúùn jókòó, kí wọ́n gba ìtàn wọn sílẹ̀ ní ohùn wọn àti ní èdè wọn. Kí ẹ̀yin olùkọ́ wa bá wa tún un ṣe, kí a tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí ní ọdún tí ń bọ̀. Nígbà náà ni a ó lè dìde níwájú àwọn tí ń la ọ̀nà, kí a sọ ẹni tí ó ti ń rin ibẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó dé.

Ní ti ọ̀rẹ́ wa tí ó ní kí kẹ̀kẹ́ kọ́ ìlúwẹ̀ẹ́, mo ti sọ fún un pé òun ni yóò kọ́kọ́ gbé kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ wọ ọkọ̀. Ó ti gbà.